Wúrà Tó Kù Sẹ́nu Ọ̀nà

Mojírádé ń ka wúrà nínú láàbù nígbà tí Bọ́látitó, àbúrò rẹ̀ tó ti kú láti ọdún mẹ́ta, wọlé wá tó sì gun orí ìwọ̀n. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wúrà bò ó látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, lẹ́búlẹ́bú tí ojú lásán ò lè rí ẹyọ rẹ̀ kan, tí wọ́n fi ń gbé oògùn jẹjẹrẹ wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ Mojírádé ni láti mọ iye tó wọlé.

Ìwọ̀n la ẹnu, ó ní, "Ó wọlé dáadáa."

Ohun tó sọ nígbà ayé àbúrò rẹ̀ nìyẹn, nígbà tó wọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gé lára rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní oògùn náà. Mojírádé gbà á gbọ́, ó sì sáré lọ síbi bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ̀ nílé ìwòsàn lọ sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Bọ́látitó wí, "ẹ wẹ̀ mí ná kí ẹ tó wọ̀n mí."

Mojírádé mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń fi omi iyọ̀ fọ sẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kí wúrà tó kàn lẹ̀ mọ́ ọn lóde má baà di kíkà mọ́ èyí tó wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fọ ti àbúrò rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ẹ̀sọ̀ nígbà tí ọmọ ìyá rẹ̀ ń kú lọ?

Láàbù ti di ẹ̀yìnkùlé bàbá wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti wẹ òkú Bọ́látitó, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sì ni Mojírádé sá sí lọ́jọ́ náà. Ó gbé bàsíà omi iyọ̀ kalẹ̀, ó mú kànìnkànìn. Ó wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, èjìká yọ. Ó wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ojú yọ. Wúrà inú bàsíà ń sọ pé, "A kanlẹ̀kùn títí, wọn ò ṣí."

Mojírádé ń sunkún. Ó dùn ún ju ọjọ́ ikú gan-an lọ.

"Jẹ́ kí n fi ẹ̀ẹ̀kẹta sílẹ̀, jọ̀ọ́. Bóyá díẹ̀ ṣì wà nínú."

"Ẹ wẹ̀ mí tán. Ẹlòmíì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Oògùn yẹn náà ni wọ́n ń fún un."

Ó wẹ̀ ẹ́ tán. Òdo ló wà lójú ìwọ̀n. Bọ́látitó gbé bàsíà náà rù, ó wọ inú ògiri lọ, omi ò sì kán sílẹ̀.

Mojírádé jí. Orúkọ ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà ló wà lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò pàdé rẹ̀ rí.