Ọkọ̀ Tó Ń Ṣí Fìlà ní Jíbówú

N ò mọ ọkọ̀ wà, ẹ má fi ìyẹn dà mí láàmú. Èlùbọ́ ni mò ń rà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mò ń tà ní ọjà Tejúoṣó, orí àpò èlùbọ́ náà ni mo sì máa ń jókòó lé nínú ọkọ̀ Bàbá Àkàngbé bí a bá ń bọ̀. Ẹni tó bá ti fi ìdí gba gbogbo ihò ọ̀nà Ọ̀yọ́ nínú bọ́lẹ̀kájà kan náà, bó pẹ́ bó yá, á mọ ìgbà tí inú ọkọ̀ náà dùn àti ìgbà tí kò dùn. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, ó sì tó mi.

Bẹ́dífọ́ọ̀dù ni ọkọ̀ náà. Bàbá Àkàngbé fúnra wọn ni wọ́n ń wà á kí ojú tó dà wọ́n. Nígbà tí ojú náà kò rí ju òjìji lọ mọ́, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ fún Ọláìtán, ọmọ àbúrò wọn obìnrin, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún Bàbá. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé wọn lẹ́yìn ọjà Tejúoṣó, wọ́n á máa retí ohùn ọkọ̀. Bí a bá ti ń yà kúrò ní títì ńlá, kí ẹnikẹ́ni tó rí wa, Bàbá á ti dìde, wọ́n á ti tún fìlà wọn ṣe. Kí Ọláìtán tó pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n ti mọ bí ọ̀nà ṣe rí. Wọ́n lè ní ẹrù yìí pọ̀ jù, wọ́n lè ní ọ́ìlì ti ń tán lọ, wọn kì í sì í ṣì í sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa ọkọ̀ náà lára, láti orí bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ẹ̀yìn, bí ẹni ń pa ewúrẹ́ ọ̀sìn lára. Mo máa ń sọ pé bí ọkọ̀ yẹn bá lè jẹun ni, Bàbá ì bá máa bù fún un nínú oúnjẹ alẹ́ wọn.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún, ni wàhálà wa bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ọkọ̀ wa wà, ó sì di dandan ká gbé e lọ sí òsì. Mẹkáníìkì tó ṣe é mọṣẹ́, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ibi tó fẹ́ gbé sítíárìn sí, ibẹ̀ ni agolo tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa atẹ́gùn wà, ló bá sún agolo náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàlẹ́ńsà, ọ̀pá tí èéfín ń gbà jáde. Nígbà tó parí iṣẹ́, Bàbá fọwọ́ pa ọkọ̀ lára títí. Wọ́n ní ìjọba ló fipá mú àwọn ṣe èyí, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tún yí ohunkóhun padà lára ọkọ̀ àwọn mọ́ níwọ̀n ìgbà tí àwọn bá wà láyé. Gbogbo wa la gbọ́.

Láti ìgbà náà ni òkè ti di ọ̀tá wa. Òkè gbọọrọ kan wà lójú ọ̀nà tí a máa ń gbà bọ̀. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ wa á máa kùn, á máa rọra gùn ún, á sì dé òkè. Lẹ́yìn tí wọ́n yí sítíárìn tán, bó bá ti dé ìdajì òkè lọ́sàn-án, okun á tán nínú rẹ̀. Àwa obìnrin á sọ̀ kalẹ̀, àti èmi tí ara mi tóbi yìí. Àwa la ó máa ki igi sẹ́yìn táyà, àwa la ó máa ti ọkọ̀, oòrùn á máa yan wá bí àgbàdo. Mo bú Ọláìtán títí ẹnu fi ń ro mí. Àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ ẹlòmíì, n ò sì dá wọn lẹ́bi. Ọláìtán sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé bó bá ń lọ báyìí, àfi kí àwọn ta ọkọ̀ náà, àti pé bí àwọn bá tà á, òun ò mọ ohun tí Bàbá á tún máa retí lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Lọ́jọ́ náà, mo ti ọkọ̀ láìbú u.

Ohun tó ta Ọláìtán lólobó ni pé ọkọ̀ náà kì í ṣàìsàn láàárọ̀. Nígbà ọyẹ́, tàbí bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, á gun òkè láìwẹ̀yìn. Oòrùn nìkan ló ń bá a jà. Bó ṣe dákú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọláìtán ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó na ọwọ́ sí ẹnu agolo náà, ó ní kí n wá na tèmi. Ooru ibẹ̀ dà bíi ti ẹnu ààrò. Sàlẹ́ńsà ló ń fẹ́ iná sí agolo lẹ́nu, ooru yẹn náà sì ni ẹ́ńjìnnì ń fà símú.

"Ìyá Síkírù," ó ní, "ta ló lè fi imú sórí ìkòkò tó ń hó kó tún máa gun òkè?"

Mo ní èmi ò lè ṣe é.

Nígbà tí a dé Èkó, ó kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ Túbọ̀sún lọ ní Múṣín, ẹni tó ń fi páànù ṣe ọ̀pá omi òjò fún àwọn onílé. Mo bá a débẹ̀, nítorí èlùbọ́ mi wà nínú ọkọ̀, n kì í sì í fi ẹrù mi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí Ọláìtán fẹ́ kò le láti sọ. Ó fẹ́ ọ̀pá kan tí yóò máa gba atẹ́gùn tútù níwájú ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rèdíétọ̀, tí yóò máa gbé e lọ sínú agolo, kí ẹ́ńjìnnì lè bọ́ lọ́wọ́ ooru sàlẹ́ńsà. Túbọ̀sún gé páànù, ó ká a, ó fi òjé jó o pọ̀, ó sì fẹ ẹnu rẹ̀ bí àrọ tí a fi ń rọ epo. Wọ́n ní láti lu ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ọ̀pá náà lè ráyè kọjá. Nígbà tí irin ń gé irin, Ọláìtán gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rántí ohun tí Bàbá sọ.

Ibi tí ọ̀pá àti agolo ti pàdé, Túbọ̀sún fi tíúbù táyà so wọ́n pọ̀. Ọláìtán ṣáná sí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì fa atẹ́gùn, tíúbù náà sì lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó tí kò léyín. Ọkọ̀ kú. Túbọ̀sún rẹ́rìn-ín títí, ó wá lọ ká wáyà, ó tì í sínú tíúbù náà kó lè máa gbé e dúró. Ó wá ku ohun tí wọ́n máa fi bo ẹnu ọ̀pá, kí eruku àti labalábá má bàa wọlé. Ọláìtán bojú wẹ̀yìn ọkọ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí ajọ̀ onírin tí mo fi ń jọ èlùbọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí i tí n ò ní tún sọ níbí. Ṣùgbọ́n mo tún rántí òkè yẹn, mo yọ ajọ̀ fún un.

Múṣín níbẹ̀ ni mo ti ta èlùbọ́ mi, a sì gba ibẹ̀ padà sọ́nà láìdé ọ̀dọ̀ Bàbá. Nígbà tí a ń bọ̀, ọkọ̀ gun òkè lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú ẹrù kíkún, kò sì sí obìnrin kan tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Àwọn yòókù ń pàtẹ́wọ́. Èmi ń ronú kan ajọ̀ mi tó wà níwájú ọ̀hún, mo sì ń yangàn bí ẹni pé èmi ni mo bí ẹ́ńjìnnì náà. Ohùn ọkọ̀ ti yí padà o. Ìkùnsínú bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun ti lọ, ó ń bú ramúramù. Inú wa dùn sí i lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó rò ó síwájú títí a fi yà wọ àdúgbò.

Bàbá wà lórí bẹ́ǹṣì. Wọn ò dìde. A bọ̀, a dúró níwájú wọn, wọ́n kàn fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí ọkọ̀ àjèjì fẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọláìtán sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá kí i káàbọ̀ tayọ̀tayọ̀, wọ́n wá bi í pé, "Ọkọ̀ ta ló gbé ọ wálé? Ọkọ̀ mi ńkọ́, àbí ó dákú sọ́nà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé ọkàn. Ọláìtán wò mí, èmi náà wò ó. Kí n tó lanu, ó ti ní ọkọ̀ wà ní Jíbówú, wọ́n ń lẹ táyà rẹ̀, òun ń lọ gbé e bọ̀ nísinsìnyí. Ó padà sínú ọkọ̀, ó gbé e lọ, àtèmi àtèlùbọ́. Ní Jíbówú, tí kò jìnnà sílé Bàbá, ó tú ọ̀pá náà, ó tọ́jú rẹ̀ sáàárín àpò mi, ó fi àkísà dí ihò ara bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a padà dé pẹ̀lú ìkùnsínú àtijọ́, Bàbá ti dìde dè wá, fìlà wọn sì ti gún.

Bí a ṣe wá ń ṣe é nìyẹn. Bí a bá ń lọ, Ọláìtán á de ọ̀pá ní Jíbówú. Bí a bá ń bọ̀, á tú u níbẹ̀. Àwọn agbèrò Jíbówú sọ wá ní orúkọ. Wọ́n ní ọkọ̀ tó ń ṣí fìlà ti dé, wọ́n ní ó dà bíi pé ó fẹ́ lọ kí àwọn àna rẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní tèmi, inú ń bí mi, torí àwọn oníbàárà mi ń dúró dè mí ní Tejúoṣó. Mo sọ fún Ọláìtán pé kó sọ òótọ́ fún Bàbá, kára ó rọ̀ wá.

"Ojú wọn ti lọ, Ìyá Síkírù," ló fi dá mi lóhùn. "Bí mo bá tún gba ti etí lọ́wọ́ wọn, kí ló kù?"

Bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn. Èmi Àmúdàtù tí gbogbo ọjà mọ̀ pé ẹnu mi ò ní ìdérí, mo pa ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣú, Ọláìtán ń kánjú tú ọ̀pá náà, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ òsì bá lọ lẹ̀ mọ́ sàlẹ́ńsà. Awọ ibẹ̀ bó. Mo fa ìborùn mi ya, mo fi dì í. Nígbà tí a délé, Bàbá dìde bí ìṣe wọn. Ọláìtán dọ̀bálẹ̀, Bàbá na ọwọ́ láti fà á dìde, ọwọ́ wọn sì ba aṣọ tí mo fi dì í. Wọ́n dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló jó o. Ọláìtán bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn omi rèdíétọ̀ kan báyìí, Bàbá ní kó dákẹ́.

Wọ́n fi ọwọ́ tọ́ ara ọkọ̀ lọ, wọn ò ṣìnà, wọ́n débi ihò náà, wọ́n sì fa àkísà yọ.

"Ìrọ̀lẹ́ tí ẹ kọ́kọ́ fi èyí síbẹ̀ ni mo ti bá a," wọ́n ní. "Mo mọ̀ pé nǹkan kan ń gba ibẹ̀ kọjá tí ẹ ò fẹ́ kí n gbọ́. Ẹ̀ ń tọ́jú mi, mo sì jẹ́ kí ẹ tọ́jú mi. N ò mọ̀ pé awọ ara ni ẹ fi ń ṣe é."

Ojú tì mí. Etí Bàbá la ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá, a gbàgbé àtẹ́lẹwọ́ tó ń pa ọkọ̀ náà lára ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Ọláìtán wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun rú òfin wọn. Bàbá ní ẹ̀rù ló jẹ́ kí àwọn ṣe òfin náà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí wọ́n bá tún yí nǹkan kan padà lára ọkọ̀ náà, ọjọ́ kan á dé tí á kọjá níwájú wọn, tí wọn ò ní í mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá bi Ọláìtán bóyá ó ń gun òkè.

"Ó ń gùn ún, Bàbá. Lọ́sàn-án, pẹ̀lú ẹrù kíkún."

"Kí ló wá ń ṣí fìlà fún mi lẹ́nu ọ̀nà fún? Lọ dé e fún un."

Àṣé Bàbá ti gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè wá ní Jíbówú. Ọláìtán de ọ̀pá náà níbẹ̀, èmi ni mo bá a di wáyà mú nítorí ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣáná sí ọkọ̀. Bàbá gbé àtẹ́lẹwọ́ sẹ́nu ọ̀pá, atẹ́gùn sì ń fà á. Wọ́n fi ìka wá ojú irin tó wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n bi mí pé ajọ̀ ta nìyí. Mo ní tèmi ni. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ní kí Ọláìtán gbé ọkọ̀ lọ dé Jíbówú, kó tún gbé e bọ̀, kí etí àwọn lè mọ ohùn rẹ̀ tuntun.

Mo rán wọn létí pé èlùbọ́ mi wà nínú rẹ̀, òjò sì ń bọ̀. Wọ́n ní kí n jókòó ti àwọn lórí bẹ́ǹṣì.

A jókòó. Nígbà tó yá, ọkọ̀ kan ń bú bọ̀, Bàbá dìde. Típà oníyanrìn ni. Mo rọra fà wọ́n láṣọ, wọ́n padà jókòó. Ọkọ̀ tiwa dé lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá sì wà ní ìjókòó. Ó dùn mí jù bí mo ṣe lè sọ. Mo ní ká fi í sílẹ̀, ó di ọjọ́ mìíràn. Bàbá ní kí Ọláìtán tún lọ.

A tún jókòó. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí páànù. Àwọn ọlọ́jà ń pariwo bí wọ́n ṣe ń bo ọjà wọn, Bàbá sì tẹ orí ba bí ẹni tó ń sùn. Wọ́n kàn dìde lójijì. Mo fetí sílẹ̀, n ò gbọ́ nǹkan kan ju ọjà àti òjò lọ.

"Ẹ jókòó, Bàbá," mo ní. "Òun kọ́ nìyẹn."

Wọ́n tún fìlà wọn ṣe.

"Àmúdàtù," wọ́n ní, "ẹrù rẹ pọ̀ jù."

Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ ohùn ọkọ̀ wa, tó ń yà bọ̀ láti títì.