Ẹni Kẹwàá Tó Tẹ Péègì

Bí mo bá ń fọ́nnu, ẹ jẹ́ kí n fọ́n ọn, ó tọ́ sí mi. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti fi ń dirí, ìka mi ò bẹ̀bẹ̀ rí. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo ń pè ní Akọ̀wé kó péègì tí a fi ń há aṣọ wọ ṣọ́ọ̀bù, tó ní òun fẹ́ dán ọwọ́ èèyàn mẹ́wàá wò, ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn.

Iṣẹ́ ilé ìwé ni. Wàá fi ìka méjì tẹ péègì náà fún ìṣẹ́jú kan, Akọ̀wé á máa ka iye ìgbà tó ṣí. Lẹ́yìn náà, wàá máa fún bọ́ọ̀lù rọ́bà mọ́wọ́ títí ìṣẹ́jú márùn-ún á fi pé, wàá sì tún tẹ péègì. Ó fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń jẹ́ kó rẹ iṣan. Bó bá gba máàkì tó dáa, á wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Bí kò bá gbà á, ó parí nìyẹn.

Èèyàn mẹ́sàn-án ti ṣe é, iye gbogbo wọn ló wálẹ̀. Àní ọkùnrin tó ń ru sìmẹ́ǹtì ládùúgbò wa, láti ọgọ́ta ló já sí méjìdínlógójì.

“Tèmi ò ní wálẹ̀,” mo ní.

“Àǹtí mi, kò sí iṣan tí kì í rẹ̀.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

Mo mọ ohun tí mo ṣe. Nígbà àkọ́kọ́, mo rọra ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó di ẹyin mú: ogójì péré. Bọ́ọ̀lù náà, mo kàn ń fọwọ́ bà á lásán ni, lẹ́yìn náà mo wá fi gbogbo agbára mi tẹ péègì: mẹ́tàlélọ́gọ́ta! Àwọn oníbàárà pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé la ẹnu sílẹ̀, ó kọ ọ́, ó fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí. Orí mi wú.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lò ju alẹ́ kan lọ. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà sunkún wọlé. Tíṣà ní ṣe ló jókòó sílé hùmọ̀ iye yẹn, òun ò ní gba iṣẹ́ rẹ̀.

“Mo ní kí wọ́n wá bi yín,” ó ní. “Mo ní Àǹtí mi kì í parọ́.”

Háà! Ojú tì mí dénú egungun. Mo fi orí tí mo di dé ìdajì sílẹ̀, mo fa ọmọ lọ́wọ́, ó di ilé ìwé.

“Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà,” mo sọ ọ́ níwájú gbogbo kíláàsì, “ọmọ yìí ò parọ́. Èmi ni mo ṣe màgòmágó. Ẹ mú péègì wá.”

Mo kọ́kọ́ tẹ méjìdínlọ́gọ́rin. Àwọn ọmọ hó yèè. Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, àtàǹpàkò mi ń gbọ̀n, ìka ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́: mọ́kànlélógójì. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló kà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí Akọ̀wé kọ èsì àná àti ti òní sílẹ̀, kó sì ṣàlàyé ìdí tí wọn ò fi bára mu, òun á gba iṣẹ́ náà.

Lójú ọ̀nà, ọmọ náà dúró. “Kí ló dé tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀?”

Mo kọ́kọ́ fẹ́ jágbe mọ́ ọn. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, tí mo gbà á tọ́, bó bá ti bi mí bóyá ó rẹ̀ mí, “rárá” ni mò ń wí, kó má baà rò pé òun ni ẹrù tó wúwo.

“Ó ń rẹ̀ mí,” mo ní. “Ojoojúmọ́ ni, ọmọ mi. Kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ.”

Ó di ọwọ́ mi mú. “Mo mọ̀, Àǹtí mi. Torí yín ni mo ṣe mú iṣẹ́ yìí. Ohun tó kàn tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí ọwọ́ ṣe máa sinmi pẹ́ tó kó tó padà bọ̀ sípò.”

A jókòó sẹ́bàá títì. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹsẹ̀, mo sì sinmi.