Orúkọ Tó Wà Nísàlẹ̀ Ìwé Florence

Lọ́yà ṣí ìwé kẹrin, ó sì fi bírò tọ́ka sí ìlà ìsàlẹ̀. Christiana kò nílò awò ojú rẹ̀ láti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni. Kò mọ̀ pé ẹ̀dà ìwé Florence wà láàárín àwọn tí òun kó wá.

"Ta ni Florence, mà?"

"Ọmọ ìjọ wa ni, ní Erio. Ilé wa kò jìnnà síra."

"Ẹ̀yin lẹ mú un wọ ilé-iṣẹ́ Ìkórè Ayọ̀?"

Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ń kùn ní ìsọ̀ ọ̀dà tó wà nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Christiana ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́yà kẹta tí yóò tọ̀ lọ rèé. Ti Ìjerò sọ pé ẹjọ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ òun. Ti Ẹ̀fọ̀n gba owó ìbẹ̀rẹ̀, kò sì gbé fóònù mọ́. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Christiana ti pinnu pé òun kò wá ẹnì kankan mọ́, kí Ládélé tí wọ́n jọ ṣe tíṣà tó sọ fún un nípa Motọ́lání Fálàyé ní Àrámọkọ, agbẹjọ́rò tí kò ṣe ẹjọ́ mìíràn ju ti àwọn tó ń fi ìdókòwò lu èèyàn ní jìbìtì.

Ó ti ro ẹjọ́ rẹ̀ létòlétò bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ kíláàsì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Ìkórè Ayọ̀, àwọn tó ní àwọn ń gbin kaṣú. Wọ́n san èrè lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti ọ́fíìsì pa, tí nọ́ńbà wọn kò lọ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni kò sọ.

"Mo gbọ́dọ̀ bi yín, mà. Ǹjẹ́ wọ́n fún yín ní nǹkan kan nítorí Florence?"

Christiana wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Wọ́n fún mi. Òrùlé mi ni mo fi tún ṣe."

Ojú Motọ́lání kò yí padà. Ó ṣàlàyé pé kò sẹ́ni tó máa pè é lólè, nítorí òun náà kò mọ̀ pé jìbìtì ni. Ṣùgbọ́n Florence lè pe Christiana náà lẹ́jọ́, ó sì ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Agbẹjọ́rò kan kò lè dúró fún àwọn méjèèjì.

Fáìlì tuntun wà lórí tábìlì, wọ́n ti kọ orúkọ Christiana sí i lára. Ó ku kó fọwọ́ síwèé. Láti bí oṣù mẹ́jọ ló ti ń wá ẹni tí yóò dúró ti òun, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ débi pé oorun kì í mú àárẹ̀ náà kúrò mọ́. Ó gbé bírò, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Bó bá jẹ́ òun ló wá bá yín ńkọ́?"

"Bí ẹ̀yin tí ẹ kọ́kọ́ wá bá mi bá yọ̀ǹda, màá gba ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin á wá jẹ́rìí. Ẹ ó sì sọ ọ̀rọ̀ òrùlé yẹn níwájú adájọ́."

"Èmi náà ńkọ́?"

"Ẹ ó wá lọ́yà mìíràn, mà."

Christiana ti fáìlì tuntun náà padà sọ́dọ̀ lọ́yà. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n kọ ìwé ìyọ̀ǹda náà wá, ó sì fọwọ́ sí i.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tó dé Erio. Kò yà sílé. Florence ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, ó kí i káàbọ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdúró ni Christiana wà tó fi sọ gbogbo rẹ̀, ti lọ́yà, ti ìwé, ti òrùlé. Ọ̀bẹ Florence kò dúró.

"Mo mọ̀, Tíṣà. Láti Ọdún Àjíǹde ni mo ti rí orúkọ yín nísàlẹ̀ ìwé mi. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi ní ìwé kíkà."

"Kí ló dé tí o kò bi mí?"

"Mo ń retí yín ni."

Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sọ́dọ̀ rẹ̀, ó bi í léèrè aago tí lọ́yà náà máa ń ṣílẹ̀kùn. Christiana sọ fún un, ó sì jókòó. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí Florence ń kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti rò pé nítorí obìnrin náà kò mọ̀ ni. Kò rò ó rí pé ẹni tó mọ̀ lè máa kí òun bẹ́ẹ̀.