Abọ́bẹrìn àti Rìbọ́n Pupa

Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ìyìn máa ń pa èèyàn bí ọtí, kó wá wo Abọ́bẹrìn lọ́jọ́ tí wọ́n bá yin ọ̀bẹ rẹ̀. Orúkọ yìí kọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń tú páálí nílé ìkẹ́rùsí ló fún un, nítorí kò síbi tí obìnrin náà ń lọ tí ọ̀bẹ àpò rẹ̀ kì í bá a lọ. Ọ̀bẹ kékeré ni, igi pupa ni èèkù rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì máa ń ká wọnú èèkù náà bí ìgbín tó fà sínú ìkarahun. Tó bá fi àtàǹpàkò tì í báyìí, ká! ó ti yọ. Ọkọ rẹ̀ ló rà á fún un, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń ròyìn rẹ̀, ẹ ó rò pé òun fúnra rẹ̀ ló rọ ọ́.

Kò sí irú ọ̀rọ̀ tí kò tíì gbọ́ lórí ọ̀bẹ yìí. Bó bá yọ ọ́ láàárín àwọn ọkùnrin, wọ́n á ní, "Ìyá, ṣé ti ọkọ yín lẹ gbé jáde?" Òun náà á ní, "Ọkọ mi ló rà á, èmi ni mo ni ín." Bó bá yọ ọ́ láàárín àwọn àgbà obìnrin, wọ́n á fà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á wò ó tòkè tilẹ̀, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, ta lò ń bá jà?" Ìgbà tí wọ́n bá bi í bẹ́ẹ̀ tán ni wọ́n á wá rántí pé ọ̀rá kan wà nínú báàgì àwọn tí eyín kò ràn. Bàbá kan tiẹ̀ wà tí wọ́n jọ jókòó nínú ọkọ̀. Nígbà tó rí i tó fi ọ̀bẹ bó ọsàn, bàbá dìde, ó lọ dúró lẹ́yìn. Kò pẹ́ tó fi padà wá jókòó, ó ní òun náà fẹ́ ọsàn.

Èyí tó ń pa á lẹ́rìn-ín jù ni àwọn tó máa ń ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ó mú. Yóò ní, "Ó mú o." Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí n kàn fọwọ́ tọ́ ọ wò." Ó ti fi aṣọ di àtàǹpàkò irú wọn títí ó ti sú u. Bí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà náà ni wọ́n á máa yìn ín: "Ọ̀bẹ gidi nìyí."

Ó fẹ́ràn gbogbo rẹ̀. Ká má parọ́, ó ti ń wá a kiri. Ó lè jókòó jẹ́jẹ́ láàárín àwùjọ kí ojú rẹ̀ máa wá ẹni tí òwú yọ lára aṣọ rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò yin ọ̀bẹ náà rí, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni tó ń ya fọ́tò. Ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Lọ́jọ́ ìbí àbúrò yìí, Abọ́bẹrìn ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gé kéèkì. Ká! ọ̀bẹ jáde. Ni gbogbo ilé bá ṣù bò ó: ẹ jẹ́ n rí i, ẹ gbé e wá, níbo lẹ ti rà á. Ọlọ́jọ́ ìbí wá dúró ti kéèkì rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó wá bá wọn gbálẹ̀. Nínú fọ́tò ọjọ́ náà, ọ̀bẹ ló wà láàárín gbùngbùn, ìlàjì orí àbúrò ló sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ náà kò bínú lójú ayé. Ó kàn ti fọ́tò náà bọ àpótí, kò sì mú un jáde mọ́.

Nígbà tó wá ku ọ̀la kí àbúrò ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò tirẹ̀, ó wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀."

"Sọ ọ́, ìwọ ọmọ yìí. Kí ló dé tó ò jókòó?"

"Ọ̀bẹ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílé lọ́la. Ọ̀gá mi ń bọ̀, àwọn oníbàárà ń bọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n wo èmi, lọ́jọ́ kan péré."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Abọ́bẹrìn lára. Kò mọ̀ pé ó dun ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀. "Mo gbọ́," ló sọ. "Ọjọ́ rẹ ni. Mi ò ní fọwọ́ kàn án." Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Ó mọ àbúrò rẹ̀. Bí òun bá tún já a kulẹ̀, kò ní pariwo, kò ní bú òun. Yóò kàn máa jìnnà sí òun díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ti ń ṣe láti ọjọ́ kéèkì. Ìyẹn gan-an ló ń ba Abọ́bẹrìn lẹ́rù.

Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti di bárakú, ẹnu nìkan kò ká a. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe ń kó kọ́kọ́rọ́ ilé sápò gáùn rẹ̀ ni ọ̀bẹ bá kọ́kọ́rọ́ wọ àpò. Kò tiẹ̀ mọ̀. Orí ń gbóná, inú ń dùn, ó gbé páálí férémù tó ti ṣèlérí fún ọmọ náà lé èjìká, ó di òpópónà.

Ṣọ́ọ̀bù náà wuyì. Wọ́n ti kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní funfun, wọ́n fi gíláàsì sójú fèrèsé, fọ́tò sì kún inú rẹ̀: arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín láìní eyín, ìyàwó tó ń tún bàtà rẹ̀ dè. Àwọn èèyàn ti ń pé jọ síwájú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì ti gbé àga tirẹ̀ síta kó má bàa pàdánù ìran.

Ibi iṣẹ́ Abọ́bẹrìn, okùn ọ̀rá pupa ni wọ́n fi ń di páálí. Láti àárọ̀ dalẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gé e. Ó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹrù léjìká, ó rí nǹkan pupa kan tó dábùú ibẹ̀, tó dí òun lọ́nà. Orí rẹ̀ kò tíì rò ó débì kankan tí ọwọ́ ti wọ àpò. Ká! Ó ti gé e.

Rìbọ́n tí ọ̀gá máa gé láti fi ṣí ṣọ́ọ̀bù ti já bọ́ sílẹ̀, ọ̀bẹ sì ń kọ mànà lọ́wọ́ Abọ́bẹrìn.

"Háà, ọ̀bẹ yìí mà mú o," ni atúnfóònù-ṣe wí látorí àga rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rí i."

Láti ọjọ́ tí Abọ́bẹrìn ti ń gba ìyìn, èyí ni àkọ́kọ́ tó korò létí rẹ̀. Àbúrò yọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn. Ó wo rìbọ́n, ó wo ọ̀bẹ, ó wá wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló sọ. Ì bá bú u, ì bá sàn fún un.

"Mi ò mọ̀ pé ó wà lápò mi. Okùn páálí ni mo rò pé—"

"Ọ̀gá yín ló ń bọ̀ lọ́hùn-ún yẹn o," ni atúnfóònù-ṣe tún wí. Lóòótọ́, ọkọ̀ ọ̀gá tó kọ́ àbúrò níṣẹ́ ti yà wọ òpópónà náà.

Kò sí rìbọ́n mìíràn nílẹ̀. Àbúrò mú èyí tó já, ó gbìyànjú láti so ó pọ̀, kókó rẹ̀ sì tó ẹyin adìyẹ. Abọ́bẹrìn ká ọ̀bẹ sápò, ó sọ páálí kalẹ̀.

"Gbé e wá," ló wí. "Ẹ̀gbẹ́ òpó ilẹ̀kùn ni mo ti gé e, ó ṣì gùn tó. Tú kókó yẹn." Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ó fara pamọ́ sẹ́yìn òpó, ó fi ẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ tán, ó sì na rìbọ́n náà títí ó fi le. "Wò ó, ṣé ó gún?"

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀."

"Ibí ńkọ́?"

"Ó tó. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má mí o."

"Mi ò mí."

Bí ọ̀gá ṣe dé nìyẹn. Àgbàlagbà ni, orí rẹ̀ ti funfun, kì í sì í kánjú sọ̀rọ̀. Láti ibi tó há sí, Abọ́bẹrìn kò rí i, ohùn rẹ̀ ló ń gbọ́.

"Mo ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ púpọ̀," ni ọ̀gá wí. "Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ kámẹ́rà. Ọmọ yìí, ó máa ń dúró de èèyàn. Á dúró títí ẹni náà á fi gbàgbé pé wọ́n fẹ́ ya òun, ìgbà yẹn ló tó máa yà á. Èmi tí mo kọ́ ọ, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe tó o."

Àtẹ́wọ́ gba òpópónà kan. Abọ́bẹrìn gbọ́ tí wọ́n ń pariwo orúkọ àbúrò òun, ayọ̀ sì ru bò ó. Ó fẹ́ yọ orí síta kó kígbe pé àbúrò mi nìyẹn, ẹ wò ó dáadáa. Ó rántí pé òun kò gbọ́dọ̀ mí. Ó bi ara rẹ̀ pé ìgbà wo ni òun gbọ́ irú ìyìn yìí rí fún ọmọ náà. Bóyá wọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́, kó jẹ́ pé ariwo ọ̀bẹ ni kò jẹ́ kí òun gbọ́. Ojú tì í gan-an, inú rẹ̀ sì dùn débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lọ́wọ́ tó máa fi nù ún.

Ọ̀gá mú sísọ́ọ̀sì. Sísọ́ọ̀sì aláwọ̀ wúrà ni, ẹwà rẹ̀ ni wọ́n fi rà á. Ó fi gé rìbọ́n, rìbọ́n kò gé. Sísọ́ọ̀sì ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Bí ọ̀gá ti ń fà á síhìn-ín ni Abọ́bẹrìn ń fà á sọ́hùn-ún, kó má bàa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Rìbọ́n yìí lágbára o," ni ọ̀gá wí. "Ó ń bá mi jà." Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé kò sí nǹkan tó mú níbí ni?"

Atúnfóònù-ṣe la ẹnu. Àbúrò wò ó, ó pa á dé. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ là sílẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni. Abọ́bẹrìn fi ọwọ́ òsì mú ọ̀bẹ jáde lápò, ó fi lé ọwọ́ náà.

Ká! Àbúrò ló yọ ọ́. "Ọ̀gá, ẹ gbà á."

"Rárá," ni ọ̀gá wí. "Gé e fúnra rẹ. Ìwọ lo ni ilé."

Àbúrò gé e lẹ́ẹ̀kan. Ariwo ayọ̀ sọ. Kò pẹ́ ni ohun tí Abọ́bẹrìn ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ọ̀bẹ. "Ẹ gbé e wá, ẹ jẹ́ n rí i." "Wo èèkù rẹ̀." "Ta ló ni ín?"

Ẹnu Abọ́bẹrìn ń yún un lẹ́yìn òpó. Gbogbo ìtàn ọ̀bẹ náà ti kún un lẹ́nu, igi rẹ̀, ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ mú un wálé, bí ó ṣe ń pọ́n ọn. Ó gé ètè jẹ. Ó di rìbọ́n tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ àyà.

Àbúrò ń wo ẹ̀gbẹ́ òpó. Ó dúró, bó ṣe máa ń dúró de ẹni tó bá fẹ́ yà. Nígbà tó rí i pé kò sí ẹni tó fọhùn, ó ní, "Ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jáde."

Ó jáde, ọ̀dà funfun ti kun gbogbo ẹ̀yìn gáùn rẹ̀, rìbọ́n ṣì wà lọ́wọ́.

"Àwọn ni wọ́n ń bá ọ̀gá fà á," ni àbúrò wí. "Àwọn náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ gé e, kí ọ̀gá tó dé."

Ẹ̀rín bú jáde. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá òpó mú. "Mo mọ̀ wọ́n," ló wí. "Ọjọ́ tí wọ́n mú ọ wá sọ́dọ̀ mi láti wá kọ́ṣẹ́, wọn ò tíì kí mi tán tí wọ́n ti yọ ọ̀bẹ, wọ́n ní òwú yọ lápá ẹ̀wù mi. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gún mi ni. Torí ẹ̀rù ni mo ṣe gbà ọ́." Ó nu ojú rẹ̀. "Ó já sí pé ilé yìí ti ṣí kí n tó dé."

"Ẹni tó yẹ kó ṣí i ló ṣí i, ọ̀gá," ni àbúrò wí.

Abọ́bẹrìn, tó máa ń ní èsì fún gbogbo ìyìn, kàn fa ọmọ náà mọ́ra, ọ̀dà bá kun àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn èyí ni àbúrò ká ọ̀bẹ, ó sì jù ú sápò ara rẹ̀.

"Yóò wà lọ́wọ́ mi dalẹ́," ló wí.

"Bó ṣe yẹ nìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn.

Ní ọ̀sán, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù kún, oníbàárà kan tọ Abọ́bẹrìn wá níbi tó ti ń to àga. Obìnrin náà ní wọ́n sọ fún òun pé Abọ́bẹrìn ló ni ọ̀bẹ àárọ̀ yẹn, ó ní òun fẹ́ rí i. Abọ́bẹrìn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á lọ sídìí ògiri tí wọ́n kọ́ fọ́tò sí.

"Ẹ kọ́kọ́ wo bàbá yìí ná," ló wí. "Ẹ wo ẹ̀rín rẹ̀. Àbúrò mi ló yà á."