Ilé Bàbá Sàlàkọ́ Wà Nínú Omi

Ẹnu Sàlàkọ́ ló kó bá a. Alhaji Ràímì, bàbá Kẹ́mi tó fẹ́ fi ṣaya, kàn bi í léèrè ibi tí ilé bàbá rẹ̀ wà ni. Ọmọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe ní Ìkòtún yìí ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Inú omi ni, sà. Gbogbo ìdílé wa, inú òkun ni."

Alhaji rọra gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Kí Sàlàkọ́ tó délé, Kẹ́mi ti pè é lórí fóònù, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàámi ní ọmọ àwọn ò ní fẹ́ ìwin omi. Wọ́n ní abájọ tí ojú ẹ fi máa ń dán!"

Òógùn lásán ló ń mú un dán, àmọ́ ta ni yóò sọ fún Alhaji?  Sàlàkọ́ sáré lọ sí Ìgándò lọ́dọ̀ Màmá Cecilia, ẹ̀gbọ́n obìnrin fún olóògbé bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá yìí àti Sàlàkọ́ jókòó sí pálọ̀ Alhaji ní Ẹgbẹ́dá, Màmá na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Alhaji, ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ìrù ẹja lẹ rí?"

Alhaji wò ó ṣá.

"Àwọn bàbá wa ló tẹ Ìdí-Àgbọn dó sétí òkun. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń se iyọ̀. Ìgbà tó yá ni òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀. A sún sẹ́yìn, ó tẹ̀ lé wa. Ó gbé ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ilé bàbá ọmọ yìí, ó gbé ilé ìdáná mi tòun tọbẹ̀ lórí iná! Ọmọ yìí ò purọ́ fún yín. Kò mọ ọ̀rọ̀ sọ ni."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó mú fìlà náà, ó dé e padà.

"Màmá, ẹnu ọ̀nà wo lẹ ó wá ti wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó?"

Sàlàkọ́ tẹrí ba. Èyí ò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn rí.

"Níbi tiwa," ni Màmá Cecilia wí, "tí òkun bá ń bọ̀, igi tí a ń tẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà la máa ń kọ́kọ́ yọ, ká tó gbé ìkòkò. Igi ilé bàbá ẹ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, Sàlàkọ́. Ìyàwó ẹ ni mò ń fi í dè, orí igi yẹn la ó ti wẹ ẹsẹ̀ ẹ̀."

Àìmọye ìgbà ni Sàlàkọ́ ti sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn.  Omijé ló ń dà lójú rẹ̀ wàràwàrà.

Alhaji na aṣọ ìnujú sí i. "Kẹ́mi, wá wo ọkọ ẹ," ó ní. "Àbí mi ò sọ pé ará inú omi ni?"