Kọ̀ǹpútà Tí Kò Sunkún

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn tí Morádéyọ̀ jẹ òkèlè méjì péré tó sì fẹ̀yìn ti àga, ló lá àlá yìí. Bó ṣe rò ó fún wa ni mo ṣe ń rò ó fún yín, n kò bù mọ́ ọn.

Bí ẹ bá dé Ìgbájọ, tí ẹ béèrè Màmá Nọ́ọ̀sì, òun ni wọn yóò mú yín lọ bá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìntì. Ikán ti jẹ àwọn ìwé tó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ náà sí. Ló bá ń fi orí rántí wọn, ó ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí Kíkẹ́ ọmọ rẹ̀ rà fún un. Oṣù mẹ́jọ ló ti wà lẹ́nu ẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà kò tàn. Iná wà nílé, ṣájà wà lára ògiri, ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri. Orúkọ tó tó ẹgbẹ̀fà ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí níbòmíràn. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́fun rẹ̀ dáadáa.

Nínú àlá náà, kọ̀ǹpútà wà lórí itan rẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ ọmọ tuntun wé e. Morádéyọ̀ kò bi ara rẹ̀ pé ta ló wé e. Ó kàn gbé etí lé e láyà, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ṣájà wúkọ́ lára ògiri, ó ní, “Màmá, kì í ṣe èmi o. Mò ń gbé oúnjẹ wá, òun ni kò jẹ.”

“Mo mọ̀,” ni Morádéyọ̀ wí. “Má dá ara ẹ lẹ́bi. Ta ni ká wá lọ rí báyìí?”

“Ẹ lọ sí ọ́fíìsì. Òun ló ń kọjá lọ yẹn.”

Lóòótọ́, ọ́fíìsì kan ń kọjá lókè òrùlé, ó ń fò lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ìkùukùu, tòun ti fáìlì, tòun ti obìnrin tó ń gbálẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ju okùn sílẹ̀. Morádéyọ̀ pọn kọ̀ǹpútà, ó di ọ̀já, ó sì gun okùn náà lọ sókè. Ohun kan ṣoṣo tó yà á lẹ́nu ni pé orókún kò dùn ún.

Ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì. Àgbà wọn mú bírò.

“Orúkọ aláìsàn?”

“Kò ní orúkọ, sà. Orúkọ àwọn ẹlòmíràn ló wà níkùn rẹ̀.”

“Ẹ kà wọ́n fún wa, ká lè tàn án.”

“Àfi kó tàn kí n tó lè kà wọ́n, sà.”

“Ẹ kà wọ́n ná, yóò sì tàn.”

Ó gbá òǹtẹ̀ mọ́ ìwé. Bó ti gbá a, etí rẹ̀ gùn, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ó di òbúkọ. Ẹnì kejì wò ó, òun náà di òbúkọ. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fáìlì.

“Ẹ rọra o,” ni Morádéyọ̀ wí, “píìnì wà lára ìwé yẹn.”

Ẹnì kẹta kò tíì yí tán. Ọwọ́ rẹ̀ ti di pátákò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin, omi sì wà lójú náà.

“Màmá, ẹ ò dá mi mọ̀?”

Morádéyọ̀ di orí rẹ̀ mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe máa ń yẹ orí ọmọ wò. “Ìgè! Ẹsẹ̀ lo fi wáyé. O ò sunkún, o ò mí. Ìyá ẹ ti kọjú sí ògiri.”

“Kí lẹ ṣe fún mi nígbà náà?”

“N kò ṣe nǹkan bàbàrà. Mo tú gbogbo ohun tí wọ́n wé mọ́ ẹ lára. Mo nu ẹnu ẹ. Mo wá dì ẹ́ mú, mò ń kà, n kò kánjú.”

“Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun náà, Màmá.”

Ni Morádéyọ̀ bá tú ọ̀já. Ó da kọ̀ǹpútà dojú bolẹ̀, ó yọ bátìrì rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì, kò sì gbé e kúrò. “Ení. Èjì. Ẹ̀ta.” Àwọn òbúkọ dá jíjẹ dúró, wọ́n ń bá a kà á. Nígbà tí wọ́n dé ọgbọ̀n, kọ̀ǹpútà fa èémí, ó sì ké. Igbe ọmọ jòjòló ni.

“Káàbọ̀,” ni Morádéyọ̀ wí, ó sì bú sẹ́kún.

Igbe náà ló jí i. Ewúrẹ́ aládùúgbò ló ń ké lẹ́bàá fèrèsé.

Kò lé e. Ó dìde, ó fa ṣájà yọ, ó yọ bátìrì, ó sì tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí ó fi ka ọgbọ̀n. Kò dá bátìrì padà, ṣájà nìkan ló kì bọ̀ ọ́. Ó tún un tẹ̀. Nǹkan kan hùn nínú kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere.

“Bàbá Kíkẹ́! Ẹ wá wò ó o!”

Ọkọ rẹ̀, káfíńtà ni, sáré wọlé tòun ti ìyẹ̀fun pákó lórí. Ó wo àwọn orúkọ náà títí.

“Tó bá tún dákú lọ́la ńkọ́, Ìyá Kíkẹ́?”

Ọkọ rẹ̀ jáde, ó mú ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n pákó sí wọlé, ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó jókòó tì í.

“Máa pè é, kí n máa kọ ọ́.”

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, orúkọ méjìdínlógójì péré ni wọ́n tíì kọ, torí bó bá ti pe ọ̀kan, ọkọ rẹ̀ á ní kó sọ bí ọmọ náà ṣe dé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń wá kan ilẹ̀kùn pe ìyàwó rẹ̀ lọ, kò sì béèrè rí pé ta ló bí.

Ó ṣí ojú ewé tuntun, ó fi ahọ́n kan orí pẹ́ńsùlù.

“Ta ló kàn?”