Ààyè Abẹ́ Òkúta

Ẹja ńlá yẹn ti pa méjì kí n tó dé ìdí gíláàsì tí mo ń sin ẹja sí. Pálọ̀ mi ni gíláàsì náà wà, ṣùgbọ́n ó ti gba gbogbo ògiri kan, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí àga mi máa ń wà, omi inú rẹ̀ sì ga jù mí lọ. Epìyà ni gbogbo ẹja inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó apá mi. Méje ni mo kó síbẹ̀, márùn-ún ló kù. Àwọn méjì tó kú ti léfòó, wọn kò lójú mọ́.

Mọńsúrá ìyàwó mi ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìpẹ́ ẹja ló ń gbá.

“Bàbá Tájù, ẹ̀yin lẹ kó wọn pọ̀,” ó ní. “Ẹja tó tóbi tó báyìí kì í jọ gbé yàrá kan.”

Mo sọ fún un pé wọ́n máa mọwọ́ ara wọn tó bá yá. Ó ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Òkúta pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ omi, ihò sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹja ńlá náà fi ṣe ilé. Èyí tó bá kọjá níwájú ibẹ̀, á forí sọ ọ́ níhà, á fa lẹbẹ rẹ̀ ya. Mo ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti ìta, kì, kì, bí ìgbà tí wọ́n ń gúnyán nílé kejì.

Màámi wọlé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí a ti sin ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ó sì gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ kó má baà ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ó wo ẹja náà títí.

“Bùráímọ̀, má bá a jà,” ó ní. “Òkúta ni kó o ṣí nípò. Tí kò bá mọ ibi tó wà mọ́, kò ní mọ ohun tó ń ṣọ́.”

Mo ki ọwọ́ bọ omi, mo ń ṣí àwọn òkúta nípò. Bí mo ṣe ń ṣí wọn ni ilé ń ṣí. Yàrá wa bọ́ síbi tí ilé ìdáná wà, ilé ìdáná kọjá sẹ́yìnkùlé. Mọńsúrá wá ilẹ̀kùn títí, kò rí i. Àwọn ẹja dúró jẹ́ẹ́, wọ́n ń wo ara wọn bí àlejò tó pàdé nílé ẹni tí kò sí nílé. Kò pẹ́ ju ìgbà tí àkàrà kan máa jiná nínú epo lọ. Ẹja ńlá náà rí òkúta pẹlẹbẹ níbi tí mo gbé e sí, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì já ìrù èyí tó sún mọ́ ọn jù.

Mo fi àwọ̀n gbé e sínú bàsíà. Kò jà. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ọkùnrin tí ọlọ́pàá ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.

“Kì í ṣe èmi,” ó ní. “Ààyè yẹn ni.”

Mo gbé bàsíà náà sílẹ̀. Nígbà tí mo máa yíjú padà, ẹja kejì ti wà lábẹ́ òkúta. Àwọ̀ eérú ló ní tẹ́lẹ̀, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ó ti ya ikùn ọ̀kan, ìfun ń rìn nínú omi bí òwú. Mọńsúrá ń fi aṣọ nu ẹ̀jẹ̀ lára gíláàsì láti ìta, kò mọ́. Mo yọ ẹja kejì. Ẹ̀kẹta wọlé, òun náà dúdú. Mo yọ ọ́. Èyí tó kéré jù ló wá kù, tí wọ́n ti jẹ lẹbẹ rẹ̀ tán, tó jẹ́ pé ṣe ló ń yí kiri nínú omi. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní ó máa sinmi báyìí. Ó wọ abẹ́ òkúta, ó dúdú, nígbà tí kò sì rí ẹni bá jà, ó rí ara rẹ̀ nínú gíláàsì. Ó sáré lu gíláàsì náà, ó tún un lù, títí ẹnu rẹ̀ fi fọ́, tí kò mira mọ́.

Mo bi Màámi pé kí ni mo ṣe tí kò dáa. Ó ti ń wọ bàtà rẹ̀.

“Ààyè ti ṣófo,” ó ní. Ó gba ibi tí kò sí ilẹ̀kùn jáde.

Mo wọ inú omi. Abẹ́ òkúta náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó gbà mí gẹ́lẹ́, ó sì ń rùn bí yàrá wa lásìkò òjò. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ronú pé kò sẹ́ni tó tún máa jà níbẹ̀ mọ́. Mọńsúrá wá na ọwọ́ sínú omi, ó ní, “Bàbá Tájù, ẹ dì mí lọ́wọ́ mú, kí n fà yín jáde.” Ọwọ́ náà kọjá níwájú òkúta. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ìyàwó mi ni. Mo mọ òrùka ọwọ́ rẹ̀. Mo gbé e sẹ́nu, mo sì pa eyín dé títí mo fi kan egungun.

Nígbà tí mo lajú, oòrùn ti wọ yàrá. Mọńsúrá dúró láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, ó ń fi ìborùn wé ọwọ́ rẹ̀. Apá ọ̀dọ̀ mi ni ilẹ̀kùn wà. Mo bi í pé kí ló ṣe é lọ́wọ́. Ó wé e tán kó tó wò mí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀,” ó ní. “Mo fẹ́ gba ibẹ̀ yẹn kọjá.”

N kò sún.